Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Ta Pásítọ̀ Lọ́rẹ

Ọjọ́ tí Bàbá Ìjọ Ezekiel fi mọ́tò ta Pásítọ̀ Joel lọ́rẹ, gbogbo ìjọ ló dìde, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ju áńkáṣífù sókè. Mobọ́lá, ìyàwó Pásítọ̀, náà ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ló dúró sí, ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn táyà ẹ̀yìn kò nàró. Orí táyà ọ̀tún fì wọnú, ìdí rẹ̀ yọ síta, bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ tí orúnkún méjèèjì fẹ́ kanra. Ti òsì náà fì, ṣùgbọ́n kò tó ti ọ̀tún.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìjọ wà níwájú nínú agbádá funfun, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wí pé ojú òun kò lè gbà á kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa gun ọ̀kadà kiri Ìlọrà. Mọ́tò ló ń tà. Ó ní ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan létí títì tó lọ sí Ọ̀yọ́, ibẹ̀ ló ń to àwọn tòkunbọ̀ sí. Òun ló kan òrùlé ilé ìjọ, òun ló ra jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi joyè ni wọ́n ń fi joyè, ẹni tó bá sì ní kó sinmi, ilé ló ń lọ.

Òun àti Mobọ́lá kò tíì fi ojú rere wo ara wọn rí. Oṣù tí wọ́n gbé Joel wá sí Ìlọrà ni Bàbá Ìjọ ti sọ lójú àwọn ìyá ìjọ pé kò yẹ kí ìyàwó Pásítọ̀ máa lọ ṣe tíṣà ní Fìdítì, pé ilé ló yẹ kó jókòó sí kó máa tọ́jú agbo. Mobọ́lá kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Tí agbo bá ti lè bọ́ ọmọ mi, n óò jókòó." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbàgbé.

Mobọ́lá ló ń wa ọkọ̀ náà. Joel mọ ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù títì máa ń bà á. Láràárọ̀ ni Mobọ́lá ń gbé ọmọbìnrin wọn, Olúwatóyọ̀sí, sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n á jọ forí lé Fìdítì, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ìyá ti ń kọ́ni tí ọmọ ti ń kàwé. Bí Joel bá fẹ́ lọ kí àwọn ọmọ ìjọ ní Imini tàbí Akínmọ̀rìn, ọ̀kadà ló ń gùn. Ó ní kí ìyàwó òun máa lo ọkọ̀, pé òun ò ní fi í ni obìnrin lára.

Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Téèyàn bá wò ó láti ìta, kò sóhun tó ṣe é. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọjà ló ní kí Mobọ́lá fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ wò. Wáyà gún un níka.

"Táyà yìí ò gbó, ma," ọkùnrin náà wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló fi ń tẹ ilẹ̀. Ẹ lọ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín."

Nígbà tí Mobọ́lá sọ ọ́ nílé, Joel mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Ìjọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ àdúrà. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìjọ gba gbohùngbohùn nígbà ìfilọ̀.

"Ẹ̀bùn tí a bá fi tọkàntọkàn fúnni, ó yẹ kí ẹni tó gbà á mọ̀ ọ́n lò," ó ní. "Mọ́tò kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Tí obìnrin bá ń fi mọ́tò sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, táyà á jẹ. Kò sí àdúrà tó lè gba irú táyà bẹ́ẹ̀ là."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Orí àga iwájú ni Mobọ́lá wà. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà, kò ṣẹ́jú, títí Bàbá Ìjọ fi yí ojú sí ọ̀dọ̀ àwọn akọrin.

"Ẹ ò lè sọ fún wọn pé n kì í sáré?" ó bi ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n délé.

"Bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Má fi ṣe ìbínú. Wọ́n ti ṣe wá lóore."

"Oore tó ń jẹ táyà."

"Mobọ́lá."

"Mo ti dákẹ́, sà."

Owó oṣù rẹ̀ ló fi ra táyà méjì míìràn. Òjò ò tíì dá lọ́dún náà tí àwọn yẹn náà fi jẹ, ẹ̀gbẹ́ inú kan náà, bí ẹni pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí títì tutù, bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà kan bọ̀ láti Fìdítì, ìdí ọkọ̀ ṣàdédé yọ̀ sápá kan, bí ẹni pé èèyàn tì í láti ẹ̀gbẹ́. Tóyọ̀sí fi orí sọ gíláàsì. Mobọ́lá rọra tọ́ ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà. Nígbà tó dúró, ó wẹ̀yìn wo ọmọ, ọmọ ń wò ó, ọwọ́ lórí.

Ọjọ́ kejì ló gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Sofiyullah. Fìdítì ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí wà, aláìnmẹ́ǹtì ló ń ṣe: òun ló máa ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè kọjú síbi kan náà. Wọ́n gun ọkọ̀ sórí pẹpẹ irin, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan. Sofiyullah wo ojú ẹ̀rọ, ó tú u, ó tún un so, ó tún wò ó.

"Ti iwájú ò burú, mo lè tò ó," ó ní. "Ti ẹ̀yìn ló ṣòro. Bí táyà ṣe nàró tàbí bó ṣe fì, kámbà là ń pè é. Díẹ̀ ò burú, kódà wọ́n máa ń fi díẹ̀ sí i láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Tiyín yìí ti kọjá díẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí ò sì ní bóòtù tí a lè fi tún tẹ̀yìn ṣe. Tó bá ti fì báyìí, nǹkan ti tẹ̀ níbì kan ni."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ kó tó pe Mobọ́lá. Mobọ́lá ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Sofiyullah fi skúrúdíráfà ha ọ̀dà dúdú kan kúrò lára irin, àpá ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ sì hàn, ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá láti apá kan dé ìkejì.

"Ìdí ọkọ̀ yìí kọ́ ló ni orí rẹ̀, ma. Wọ́n gé ọkọ̀ méjì, wọ́n jó wọn pọ̀. Ibi tí apá irin táyà so mọ́ kò dọ́gba mọ́. Ìyẹn ló ń jẹ táyà yín."

"Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

"Mo lè fi wáṣà tì í kó dúró, ẹ̀rọ á ní ó dára. Ṣùgbọ́n irọ́ ni n óò máa pa fún yín. Tí ó bá jẹ́ tèmi, n ò ní gbé èèyàn sẹ́yìn rẹ̀." Ó nu ọwọ́. "Ta ló tà á fún yín?"

"Wọn ò tà á. Wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ni."

"Ẹni náà ò mọ mọ́tò?"

"Òun ló ń tà á."

Sofiyullah sọ ọkọ̀ kalẹ̀, Mobọ́lá sì fi fóònù ya àwòrán àpá náà kí ó tó gbéra.

Joel ń ka Bíbélì ní pálọ̀ nígbà tó wọlé. Mobọ́lá na fóònù sí i, ó sì ṣàlàyé ohun tí Sofiyullah sọ. Joel wo àwòrán náà, kò bi í pé kí nìyí. Ìyẹn ló ya Mobọ́lá lẹ́nu. Ọkọ rẹ̀ kì í mọ ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí bátìrì, ṣùgbọ́n kò bèèrè ohunkóhun.

"Ẹ ti mọ̀," ó ní.

Joel pa Bíbélì dé. "Bàbá Ìjọ sọ fún mi kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n ní ó fara gbá díẹ̀ lẹ́yìn, pé wọ́n ti tún un ṣe, pé kò síbi tí kò lè gbé wa dé. Wọ́n ní ó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, pé àwọn oníbàárà ò mọyì rẹ̀."

Mobọ́lá jókòó. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀kadà wá yé e. Imini, ọ̀kadà. Akínmọ̀rìn, ọ̀kadà. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé, ìwọ̀nba ìgbà tí Joel wọ inú rẹ̀, inú Ìlọrà ni, iwájú ló sì jókòó sí.

"O mọ̀," ó ní. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò tíì pe ọkọ rẹ̀ ní ìwọ rí. "O mọ̀, o sì ń wò mí kí n máa gbé ọmọ sẹ́yìn láràárọ̀."

"Mo rò pé ẹ̀rù lásán ni tèmi. Mo gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"O gbé ara rẹ lé ọ̀kadà lọ́wọ́."

"Tí mo bá kọ̀ ọ́, kí ni n óò wí fún ìjọ? Ọkùnrin yẹn lè lé wa kúrò ní ìlú yìí nínú ọ̀sẹ̀ kan."

"Kí o kọ̀ ọ́ kọ́ ni mo wí. Kí o sọ fún mi ni. Èmi kì í ṣe ìjọ."

Joel na ọwọ́ sí i, Mobọ́lá dìde. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yàrá ọmọ ló ń sùn.

Ẹnì kan nínú ìjọ ti rí ọkọ̀ náà lórí pẹpẹ irin ní Fìdítì. Àárọ̀ Sátidé ni Bàbá Ìjọ wọlé, kò kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó sí àga Joel, Joel sì dúró.

"Ìyàwó Pásítọ̀," ó ní, "mo gbọ́ pé ẹ gbé ẹ̀bùn mi lọ yẹ̀ wò."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Táyà rẹ̀ ló ń jẹ."

"Àgbà tó fúnni ní ẹ̀wù, ṣé a máa ń tú abẹ́ ẹ̀wù náà wò ní gbangba? Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí kì í ṣe ará wa, kí ó wá máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri Fìdítì."

"Kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní wọ́n gé ọkọ̀ méjì jó pọ̀."

"Irọ́ ni."

"Mo ya àwòrán rẹ̀."

Bàbá Ìjọ kò wo fóònù tí ó nà sí i. "Pásítọ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó yín ń sọ? Èmi tí mo rí i pé ẹ ń jẹ eruku, tí mo gbé yín lé mọ́tò. Mo fẹ́ kó tọrọ àforíjì níwájú ìjọ lọ́la."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Joel bẹ̀rẹ̀.

"N kò ní tọrọ rẹ̀," Mobọ́lá wí. "Tí kò bá sóhun tó ṣe ọkọ̀ náà, sà, ẹ jẹ́ kí n fi gbé yín dé Fìdítì. Bí mo ṣe máa ń wà á náà ni n óò wà á."

Bàbá Ìjọ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó dìde, ó gbọn agbádá. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Èmi kì í sá fún mọ́tò."

Ó fẹ́ ṣí iwájú. Mobọ́lá ní, "Ẹ̀yìn ni ọmọ mi máa ń jókòó sí, sà. Ọwọ́ ọ̀tún." Bàbá Ìjọ kò tún lè padà sẹ́yìn mọ́, ó wọ ẹ̀yìn. Mobọ́lá yí sí ọkọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?" Joel ní òun á dúró ti Tóyọ̀sí kó má baà dá wà nílé. Ó wọlé lọ.

Mobọ́lá kò sáré. Àwọn ọkọ̀ ń yà wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bọ́ sójú títì ńlá, ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹja tó ń ju ìrù, ó fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, ó tún fẹ́ lọ sósì. Nínú díńgí, Mobọ́lá rí i pé Bàbá Ìjọ ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Rọra," ó ní.

"Ẹ wo aago tó ń ka eré, sà. N kò sáré."

"Mo ní kí o rọra."

Kò pẹ́ tí wọ́n kọjá oríta Akínmọ̀rìn ni táyà ọ̀tún bẹ́. Ìdí ọkọ̀ fò sílẹ̀, ó gbá sápá kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ níwájú fun fèrè kíkankíkan. Mobọ́lá kò tẹ bíréèkì. Ó di sítíárìn mú gírígírí, ó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fà sínú koríko, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan. Akẹ́rù kọjá. Eruku bò wọ́n.

Bàbá Ìjọ sọ̀ kalẹ̀. Fìlà rẹ̀ ti bọ́, etí agbádá rẹ̀ ti ya lára ilẹ̀kùn. Ó di orí búùtù mú.

"O fẹ́ pa mí," ó wí.

"Bí mo ṣe ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn."

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹlẹ́rìí wà."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ wò ó, kí ẹ sì sọ fún mi pé ẹ ò mọ̀."

Ojú Bàbá Ìjọ pọ́n. "Èmi kò ní bẹ̀rẹ̀ fún ìwọ láéláé."

Mobọ́lá na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò gbà á. Mobọ́lá gbé e sórí òrùlé ọkọ̀, ó rìn padà sí oríta, ó sì wá ọ̀kadà.

Ní ìjọ, ọ̀rọ̀ náà di pé ìyàwó Pásítọ̀ fẹ́ fi mọ́tò pa àgbà. Àwọn alàgbà jókòó lé e lórí, wọ́n ní kó wá kúnlẹ̀ fún Bàbá Ìjọ níwájú gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tó ní kó mú àwòrán wá. Joel mú ìdájọ́ náà wálé fún un, ó ní kó fi orúkọ Jésù ṣe é kí ọ̀rọ̀ tán.

"Tí mo bá kúnlẹ̀, ọkọ̀ á nàró?" Mobọ́lá bi í.

Joel mú Bíbélì rẹ̀, ó bọ́ síta.

Bàbá Ìjọ ti fi ọkọ̀ mìíràn fa ọkọ̀ náà padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mobọ́lá wà lórí ọ̀kadà, ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, nígbà tó rí i létí títì. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán, táyà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tó mọ̀ dúró tì í. Tahirah ni, ará Ìwàrè tó ń ta gààrí, ọmọ rẹ̀, Yúnúsà, wà ní kíláàsì Mobọ́lá. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un, tó ń bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Mobọ́lá ní kí ọlọ́kadà dúró.

"Ìyá Yúnúsà," ó ní, "ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ wo táyà. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́."

Bàbá Ìjọ kò gbé ohùn sókè. "Ẹ má dá a lóhùn, Alhaja. Orí rẹ̀ ò pé. Ìjọ ń gbàdúrà fún un."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀, ìyá."

"Jáde lórí ilẹ̀ mi."

"N óò jáde tí wọ́n bá ti wò ó."

Bàbá Ìjọ ṣẹ́wọ́ sí àwọn ọkùnrin méjì tó ń fọ mọ́tò. Wọ́n sún mọ́ Mobọ́lá, ọ̀kan di apá rẹ̀ mú. Tahirah wo Mobọ́lá tí wọ́n ń fà, ó wo Bàbá Ìjọ, ó wá rìn lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ká ìbòrí rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó yọjú sábẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní òun á tún padà wá, ó sì lọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní padà wá.

"Ilé yín ò ní fararọ," Bàbá Ìjọ wí fún Mobọ́lá.

"Kò fararọ tẹ́lẹ̀, sà."

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n gbé Joel kúrò ní Ìlọrà. Wọ́n ní Imini nílò rẹ̀, ìjọ kékeré kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Mobọ́lá kó ẹrù. Láti Imini, òun àti Tóyọ̀sí ń jí ní kùtùkùtù kí wọ́n tó rí ọ̀kadà tí yóò gbé wọn jáde. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, ó ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìsìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ìyá ìjọ. Tí òun àti Joel bá ti wọlé, ẹ̀rín náà á tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Joel ti Ìlọrà dé, àpò ìrẹsì lórí èjìká. Mobọ́lá ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé.

"Mo lọ kí Bàbá Ìjọ," Joel ní. "Ara wọn ò yá. Wọ́n ní kí n kí ọ. Wọ́n fún wa ní èyí."

Mobọ́lá kò gbójú sókè. "Gbé e padà."

"Ìrẹsì ni, Mobọ́lá. Ìrẹsì kò ṣẹ̀ ọ́."

"Ilé tí mo ti ń dáná, kò ní wọ̀ ọ́."

"Ta ni mo fẹ́ gbé e padà fún? Wọ́n á ní mo kọ oore wọn."

"Mo mọ̀ pé ìwọ kì í kọ oore wọn."

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ, ó ń ju òkúta inú rẹ̀ sínú koríko. Joel dúró lójú oòrùn, àpò náà ń wọ̀ ọ́ léjìká. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé, ó wo ojú ọ̀nà tí ó gbà wá, ọlọ́kadà tó gbé e wá sì ti lọ.